Wákàtí Kan Péré

Lọ́dún 2020, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá a ní Nàìjíríà ni kò ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2023, NBS, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò ọ̀hún, gbé òmíràn jáde: 4.1. Ẹ dé ibùdókọ̀ kankan l'Épẹ̀ẹ́, ẹ máa gbọ́ ìdájọ́: irọ́ gbuu, wọ́n fi ṣe ojú ayé fún ìjọba tuntun ti Tinúbú ni.

Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò wo ọjọ́. Oṣù kẹjọ ni ìwé náà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù kìíní sí ìkẹta ọdún yẹn ni wọ́n kà, nígbà tí ìjọba tuntun kò tíì búra rárá. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń béèrè é, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ màmá kan ní Òkè-Balógun. Ó kí wọn tán, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?" Ìdáhùn tó máa gbà kò ṣòro mọ̀: "Rárá o, ọmọ mi, ilé náà la wà. Mo kàn máa ń lọ bá wọn ha ìpẹ́ ẹja l'ọ́jà Olúwo, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀." Lẹ́nu Yorùbá, iṣẹ́ ni èyí tó ní ọ̀gá, tó ní owó oṣù, tí wọ́n sì lè lé èèyàn kúrò níbẹ̀. Ẹja híha kò sí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìbéèrè kò fi gbọdọ̀ dúró síbi "ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́". Ohun tó ń béèrè ni pé láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré? Màmá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí: wọ́n ti di òṣìṣẹ́.

Ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni wákàtí kan yìí, kí ìṣirò orílẹ̀-èdè kan lè ṣe é gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òmíràn. Tẹ́lẹ̀, tiwa dá yàtọ̀. Ká fi wé àwọ̀n, kí àìríṣẹ́ṣe jẹ́ ẹja tó fẹ́ kó. Nígbà kan, ẹni tí kò bá ṣe tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aláìníṣẹ́: ojú àwọ̀n náà kéré débi pé ó ń kó edé mọ́ ẹja. Wọ́n wá sọ ọ́ di 20. Àwọ̀n yẹn ló kó 33.3. Èyí tó wà lóde báyìí, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹpìyà àti àrọ̀ fi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Apẹja tó fi àwọ̀n olójú kékeré dẹ ọ̀sà lónìí, tó fi olójú ńlá dẹ ẹ́ lọ́la, tó wá délé wí pé ẹja ti tán lódò, àwọ̀n tó gbé lọ la máa bi í. Nítorí náà, ẹni tó ní wọ́n jí ẹja gbé ṣìnà. Olóṣèlú tó bá ní òun ló pèsè iṣẹ́ tí 33 fi di 4, òun náà ṣìnà.

Àwọ̀n yìí tún ní ibi tí kì í dé. Kí èèyàn tó wọ ìwé aláìríṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ tó jáde yunifásítì, tó kọ̀wé káàkiri títí ó fi sú u, tó wá jókòó ti màmá rẹ̀, kò sí lára òṣìṣẹ́, kò sì sí lára aláìríṣẹ́. Ó ti lúgọ sábẹ́ òkúta.

Ẹni tó bá sì lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wáṣẹ́ láìpa kọ́bọ̀, ẹnìkan ló ń bọ́ ọ. Ní Jámánì, ìjọba ń san owó fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, ebi ni yóò lé e jáde kó tó pé ọjọ́ méje, ì báà ṣe orí ọ̀kadà. Ìdí rèé tí 4.1 fi lè jẹ́ òótọ́ láìjẹ́ ìròyìn ayọ̀. Nínú ìwé kan náà, ìdá 75.4 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ló ń ṣe ti ara wọn. Àwọn tó ń gbowó oṣù kò ju 11.8 lọ. Àwọn òǹkà yẹn ló yẹ kí ibùdókọ̀ máa jà lé lórí.

Ojú àwọ̀n yìí rọrùn fún ìjọba tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ gba èèyàn 774,000 láti gbálẹ̀, kí wọ́n sì la gọ́tà: 1,000 láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. Ìkànìyàn 2006 bá 535,619 èèyàn ní Ìkòròdú, ó bá 181,409 l'Épẹ̀ẹ́, síbẹ̀ 1,000 náà ló kan ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìyẹn kì í ṣe wíwo ibi tí iṣẹ́ ti wọ́n jù. Ìpín aáwọ̀-má-bẹ́-sílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì fi àwọ̀n yìí kà wọ́n láàárín oṣù mẹ́ta ọ̀hún, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn. Oṣù kẹrin ńkọ́?

Ìbéèrè kan wà lẹ́yìn ti wákàtí kan, tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ. Ẹni tí kò bá ṣe tó wákàtí 40, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ ṣe sí i, tó sì ráyè. Ibẹ̀ ni 12.2 tó wà nínú ìwé náà ti jáde, àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò tó wọn ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á tún tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì, á bi màmá Òkè-Balógun bóyá wọ́n ṣì lè ṣe kún ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ta ni ò fẹ́, ọmọ mi? Ẹja tí a máa ha ni ò tó."