Àlùfáà akéwì tó jí ìkórè dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jó lọ síwájú pẹpẹ tòun ti iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké, ọkàn mi a máa lọ sí Morwenstow, abúlé etí òkun kan ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìkórè inú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ti ṣẹ̀.

Robert Stephen Hawker ni àlùfáà ibẹ̀ láti 1835 títí ó fi kú ní 1875. Kó tó di àlùfáà ló ti ń kéwì. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló kọ orin Trelawny, tí àwọn ará Cornwall ṣì ń fi yangàn. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, Charles Dickens, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá sì rò pé orin àtayébáyé ni.

Òkun Morwenstow kì í ṣe òkun eré. Àpáta ibẹ̀ a máa fọ́ ọkọ̀, òkú àwọn atukọ̀ a sì gbá dé èbúté. Etí òkun níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Hawker kò gbà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé wọn, ó ń ṣe ìsìn fún wọn, ó sì ń sin wọ́n sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkọ̀ Caledonia fọ́ ní 1842, ère obìnrin iwájú ọkọ̀ náà, tó mú idà àti asà lọ́wọ́, ni wọ́n fi sàmì sí ibojì àwọn atukọ̀ rẹ̀. Pákó ọkọ̀ tó fọ́ ló fi kọ́ ahéré tó ti ń kéwì. Ahéré náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ báyìí ló rántí àṣà kan tó ti ń kú lọ. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa mú bùrẹ́dì àlìkámà tuntun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, bí tiwa ṣe ń ṣe ọdún ìjẹsu. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 1 oṣù kẹwàá, 1843, Hawker kó ìjọ rẹ̀ jọ láti dúpẹ́ ìkórè, ó sì fi bùrẹ́dì ọkà tuntun fún wọn ní Ìdàpọ̀ Mímọ́. Àṣà náà ràn dé àwọn ìjọ yòókù.

Oṣù kìíní ọdún 1843 yẹn kan náà ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ìjọ Áńgílíkà tó ti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì bíi tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ló gbé ìkórè wá. Iṣu ló wá gba ipò àlìkámà, tí à ń tà á ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn.