Kí ló dé tí F kì í dún lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kọ́ọ̀dù barre

Ẹni tó bá ń kọ́ gìtá, ọ̀nà a máa já geere fún un títí yóò fi kan kọ́ọ̀dù F (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Ó ti mọ G, ó ti mọ C, ó ti mọ D, ó ti ń fi wọ́n gbe orin ìyìn, ó sì ti ń rò ó lọ́kàn pé òun náà ti di onígìtá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó fi ìka kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀, "pà, pà, pà" ló máa gbọ́, bí ẹni ń lu páálí. Àwọn ọmọ tó máa ń dúró dè mí lẹ́yìn ríhásà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí títí, èsì tí mo máa ń fún wọn nìyí.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀: okùn kìíní ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nísàlẹ̀ pátápátá, okùn kẹfà ni èyí tó nípọn jù, lókè. Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá; bí mo bá ní kí o tẹ fret kan, àlàfo tó wà lẹ́yìn irin náà, lápá orí gìtá, ni kí o tẹ̀. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ni àwọn àgbà ń pè ní ìfábẹ̀lá, torí òun la fi ń fá ọbẹ̀ lá nínú àwo. Ọrùn ìka jẹunjẹun yìí ni gbogbo wàhálà ọ̀hún wà.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè ní barre gan-an?

Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Báà là ń pè é, kò sì ju pé a gbé nǹkan dábùú lọ.

Tẹ E major tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Okùn mẹ́ta lo tẹ̀, mẹ́ta yòókù ń dún láìfọwọ́kàn. Gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gba orí nǹkan kékeré kan kọjá lókè ọrùn gìtá. Nut ni àwọn oníṣẹ́ gìtá ń pè é. Egungun ni èmi ń pè é, nítorí egungun màlúù gan-an ni wọ́n fi ń gbẹ́ ojúlówó rẹ̀. Okùn tí a kò bá tẹ̀, ibi egungun yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Wàyí o, sún ìka mẹ́ta wọ̀nyẹn síwájú ní fret kan. Okùn mẹ́ta ti gòkè díẹ̀, mẹ́ta yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Ariwo lásán! Ó yẹ kí egungun náà bá wọn sún síwájú, egungun kò sì lẹ́sẹ̀. Ìfábẹ̀lá ló máa wá di egungun. Ìka àárín, ìka òrùka àti ọmọdinrín, ìka tó kéré jù lọ, yóò wá tẹ àwòrán E níwájú rẹ̀.

Bí o bá ti ní àwòrán yẹn lọ́wọ́, o ti ní kọ́ọ̀dù major méjìlá. Ìfábẹ̀lá ní fret kìíní, F nìyẹn. Fret kẹta, G. Ìkarùn-ún, A. Ìkeje, B. Ìkẹjọ, C. Ìkẹwàá, D. Nígbà tó bá dé ìkejìlá, E ti padà dé. Àwọn tó kù wà láàárín wọn.

Ṣé ìka mi ni kò lágbára tó?

Rárá o. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò nìyẹn, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa fún ọrùn gìtá bí ẹni ń fún aṣọ tó rẹ. Ẹni tó kọ́ èmi náà kò fún mi ní ẹ̀kọ́ kankan ju "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, àyà ìka mi ní ilà mẹ́fà bí ojú Ọ̀yọ́, F kò dún.

Jẹ́ ká ka okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú F ní fret kìíní. Okùn karùn-ún ńkọ́? Ìka òrùka ti tẹ̀ ẹ́ ní fret kẹta. Okùn kẹrin? Ọmọdinrín wà lórí rẹ̀, fret kẹta náà ni. Okùn kẹta? Ìka àárín, fret kejì. Ìka tó bá sún mọ́ ihò gìtá jù ló máa ń pinnu ohùn tí okùn yóò mú jáde. Nítorí náà, ìbáà tẹ̀, ìbáà má tẹ̀, ohun tí ìfábẹ̀lá bá ń ṣe lórí okùn mẹ́ta yìí kò ran ohùn wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju okùn mẹ́ta lọ: ìkẹfà lókè, ìkejì àti ìkíní nísàlẹ̀.

Mẹ́ta péré! Ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan kí ìka náà nà gbọnrangandan bí rúlà. Bí àárín rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, kò sí láburú, bí orí rẹ̀ bá ṣáà ti di okùn kẹfà mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di méjì ìkẹyìn mú. Látìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti dẹ́kun bíbá gìtá jà.

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n okùn kejì ṣì ń kú.

Má gbá gbogbo okùn papọ̀. Tẹ kọ́ọ̀dù náà, kí o wá ta okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o gbọ́ èyí tó ń dún àti èyí tó dákẹ́. Ẹni tí kò mọ okùn tó kú kò lè mọ ìka tó jẹ̀bi.

Okùn kejì, ọ̀pọ̀ ìgbà, oríkèé ló fà á. Yí ọwọ́ rẹ padà, wo inú ìfábẹ̀lá: wàá rí kòtò kékeré níbi tí ìka ti ń ṣẹ́. Bí okùn bá bọ́ sínú kòtò yẹn, ẹran ìka kò ní lè tẹ̀ ẹ́ kan igi. Gbé ìka náà sókè díẹ̀ tàbí kí o fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìdajì èékánná lọ, kí okùn lè bọ́ kúrò nínú kòtò. Ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ ni èyí, torí oríkèé tèmi àti tìrẹ kì í ṣe ibì kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, yí ìka náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, sí apá ibi tí àtàǹpàkò wà. Àyà ìka rọ̀ bí fùkẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló le. Kí ìka sì sún mọ́ irin fret pẹ́kípẹ́kí, kó má dúró sáàárín fret méjì, torí bó bá ṣe jìnnà sí irin tó ni agbára tí o máa lò yóò ṣe pọ̀ tó.

Bó bá jẹ́ pé okùn kẹrin tàbí ìkẹta ló dákẹ́, fi ìfábẹ̀lá sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọmọdinrín tàbí ìka àárín ló dùbúlẹ̀ dípò kó dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀, tó wá ń fara kan okùn ẹlòmíràn.

Ìdí àtàǹpàkò mi ń ro mí gan-an.

Dúró kíá. Kí ṣóńṣó ìka máa ro èèyàn títí awọ rẹ̀ yóò fi le, ìyẹn kò burú. Ìrora ìdí àtàǹpàkò tàbí ti ọrùn ọwọ́ kì í ṣe èyí tí à ń fara dà.

Ò ń fún gìtá láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá bí ẹmú ni. Dán èyí wò: tẹ A ní fret karùn-ún, kí o wá yọ àtàǹpàkò kúrò pátápátá. Fi apá ọ̀tún di ara gìtá mọ́ àyà rẹ, kí o wá jẹ́ kí apá òsì fa ọrùn gìtá sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kọ́ etí tábìlì. Wàá rí i pé kọ́ọ̀dù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dún láìsí àtàǹpàkò rárá. Apá ló lágbára, kì í ṣe ìka. Dá àtàǹpàkò padà sí ẹ̀yìn ọrùn gìtá, kó kàn fara tì í níbẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ sì sún mọ́ ìhà.

Kí ló dé tó jẹ́ F ló le jù? Àwòrán kan náà ni F àti A ṣáà ni.

Nǹkan méjì ni. Bí o bá ń bọ̀ lápá ara gìtá, ńṣe ni fret ń súnra kì. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní mílímítà 650, àlàfo fret kìíní fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 36, ìkarùn-ún kò sì ju bíi 29 lọ. Ní F, ọmọdinrín ní láti na ara rẹ̀ gan-an. Èkejì, egungun wà nítòsí. Ó gbé okùn sókè, okùn sì máa ń le gan-an nítòsí ibi tí wọ́n so ó mọ́. Wo okùn tí a fi ń sá aṣọ: tẹ àárín rẹ̀, ó gbà, tẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá òpó, kò gbà.

Nítorí náà, mi ò mọ ìdí tí àwọn olùkọ́ fi ń fi F bẹ̀rẹ̀. Fret karùn-ún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí A bá ti dún kedere, sún un sẹ́yìn sí ìkẹrin, sí ìkẹta, títí tí yóò fi di F.

Tàbí gìtá mi ló burú?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú tí kò kọjá lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí wọ́n tó tà á. Tẹ okùn kẹfà ní fret kẹta, kí o wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti irin fret kìíní. Ó yẹ kó kéré débi pé bébà ló lè kọjá níbẹ̀. Bí káàdì ATM bá lè wọ ibẹ̀, egungun rẹ ga jù. Bí o bá ní kápò, ìyẹn ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, fi há fret kìíní, kí o wá tẹ barre ní fret kejì. Bó bá rọrùn ju F lọ fíìfíì, egungun ló ń fìyà jẹ ọ́. Gbé e fún oníṣẹ́ kó fi fáìlì gbẹ́ ẹ wálẹ̀. Má gbẹ́ ẹ fúnra rẹ, torí èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Lásìkò òjò, igi gìtá máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, àyà rẹ̀ á wú, okùn á sì ga ju bó ṣe wà lásìkò ọyẹ́. Okùn tó fúyẹ́ náà ń ranni lọ́wọ́: bí nọ́ńbà 12 bá wà lórí gìtá rẹ, 11 tàbí 10 yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kí ló sọ kọ́ọ̀dù yìí di major?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. O rántí bí tíṣà ṣe fi dò, re, mí kọ́ wa ní àmì ohùn? Kọ́ọ̀dù major kò ju dò, mí àti sò lọ. Láti okùn kẹfà dé ìkíní, àwòrán tí o tẹ̀ yìí ń kọ dò, sò, dò, mí, sò, dò. Dò mẹ́ta, sò méjì, ṣùgbọ́n mí kan ṣoṣo, lórí okùn kẹta, lábẹ́ ìka àárín. Gbé ìka àárín kúrò, mí á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, orin tó ń yọ̀ á fajú ro: F minor nìyẹn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìfábẹ̀lá yóò wá di okùn mẹ́rin, torí okùn kẹta yìí gan-an ti kún un, kò sì sí ẹni tó máa bá a gbé e. Ìdí nìyẹn tí minor fi le ju major lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣé mi ò lè máa fi kápò sá fún un?

O lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, B flat ni ti wọn, ilé B flat, E flat àti F ni wọ́n sì máa ń gbé orin lọ. Bí kápò kò bá sí nítòsí, ibo lo máa sá gbà? Àwọn kan máa ń fi àtàǹpàkò kọ́ okùn kẹfà láti òkè, kí ìfábẹ̀lá lè gbájú mọ́ méjì ìsàlẹ̀. Jimi Hendrix, onígìtá ará Amẹ́ríkà nì, ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ gùn.

Ọgbọ́n mìíràn wà tó ti wà nínú jùjú tipẹ́: fa okùn kó ti jẹ́ major kí o tó tẹ ohunkóhun. Bí o bá fa okùn, láti ìkẹfà dé ìkíní, sí D, G, D, G, B, D, ìka kan ṣoṣo tó dábùú fret karùn-ún ti di C. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn gìtá Hawaii, tí a ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ìdílé gìtá yẹn náà ni èyí tí Demola Adepoju fi sunkún nínú ẹgbẹ́ African Beats ti King Sunny Adé ti wá. Ọ̀pá irin kò ní oríkèé, kò sì ní kòtò.

F ti ń dún báyìí, àmọ́ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń pẹ́ débẹ̀.

Ò ń tú gbogbo ìka ká láti C, o wá ń tún wọn tò lọ́tun. Tẹ C, kí o wo ọwọ́ rẹ dáadáa. Ìka òrùka wà lórí okùn karùn-ún ní fret kẹta: ibẹ̀ náà ló máa wà nínú F, má gbé e rárá. Ìka àárín wà lórí okùn kẹrin, fret kejì: kó sọ̀ sórí okùn kẹta, fret kò yí padà. Ọmọdinrín tó ń ṣeré ni kó wá sórí okùn kẹrin, ní ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka. Ìfábẹ̀lá ti wà ní fret kìíní tẹ́lẹ̀, lórí okùn kejì. Kó kàn dùbúlẹ̀ ni. Ṣe é láìta okùn kankan, C, F, C, F, fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o tó mú ọwọ́ ọ̀tún wọ̀ ọ́.