Cromemco: Ilé-iṣẹ́ Tó Kọ́kọ́ Gbé Àwọ̀ Wọ Kọ̀ǹpútà Kékeré

Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú kọ̀ǹpútà kékeré yọ àwòrán aláwọ̀, Apple ni wọn yóò dárúkọ. Mi ò gbà. Ọdún 1977 ni Apple II tó jáde. Láti oṣù Kejì ọdún 1976 ni Dazzler, ẹ̀rọ tó ń mú kọ̀ǹpútà kékeré yọ àwòrán aláwọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Cromemco, ti wà níwájú ìwé ìròyìn Popular Electronics fún gbogbo ayé rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, ní Kalifọ́níà, ló dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀: Harry Garland àti Roger Melen. Họ́sítẹ́ẹ̀lì Crothers Memorial Hall ni wọ́n ń gbé, ara orúkọ họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n sì ti gé “Cromemco” yọ. Orúkọ yìí ṣe pàtàkì lójú mi. Nígbà tí wọ́n bá ń pìtàn àgbègbè yẹn, gáréèjì tí Hewlett àti Packard, àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ HP sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní Palo Alto lọ́dún 1939 ni gbogbo ẹnu ń sọ, bíi pé inú gáréèjì nìkan ni ọgbọ́n ti ń jáde. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń kó sí Crothers Memorial. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè bí! Kò sí bí ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ kò ṣe ní bá ẹlòmíì jiyàn nípa wáyà àti chip, ègé kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nídìí oúnjẹ, tàbí kó yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yàrá wọn jọ fara kanra. Ó dá mi lójú pé bí àwọn méjèèjì bá ti lọ yá ilé gbé láàárín ìlú, Cromemco kò ní sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde kì í ṣe ti àwọ̀ rárá. Kámẹ́rà ni. Cyclops ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ òmìrán olójú kan inú ìtàn àwọn Gíríìkì, Terry Walker sì wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n mú chip ìrántí kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ́ sí i lójú. Gbogbo ihò ìrántí inú irú chip bẹ́ẹ̀ ló ń di iná mànàmáná díẹ̀ mú; bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, iná náà á jò dànù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ á tètè ṣófo, ibi tó ṣókùnkùn á ṣì di tirẹ̀ mú. Ihò 1024 ló wà níbẹ̀, 32 ní ìbú, 32 ní òró, àwòrán sì dé. Oṣù Kejì ọdún 1975 ni Popular Electronics gbé e jáde.

Kí ìwé náà tó jáde ni Melen ti lọ sí ọ́fíìsì wọn ní New York. Les Solomon tó jẹ́ olóòtú níbẹ̀ fi kọ̀ǹpútà tuntun kan hàn án, Altair 8800, tí wọn ò tíì kéde fún aráyé. Melen kò lè mú un mọ́ra. Dípò kó padà sílé tààrà, ó yí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rẹ̀ padà, ó gba Albuquerque lọ bá Ed Roberts tó ni MITS, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Altair. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé Cyclops yóò di ojú fún Altair.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé inú kámẹ́rà ni àwòrán aláwọ̀ ti wá, pé kì í ṣe inú géèmù. Altair kò ní nǹkan tí èèyàn lè wò ju àwọn iná wẹ́wẹ́ tó ń tàn tó ń kú níwájú rẹ̀ lọ. Bí ẹni bá fún un ní ojú tó fi ń ríran, báwo ni yóò ṣe sọ ohun tó rí? Ẹ tún wo iye àmì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, tí Dazzler máa ń kọ nígbà tó bá ń lo ìrántí tó kéré jù: 32 lọ́nà 32, gẹ́lẹ́ bíi ti Cyclops. Àwọn kan á ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Èmi rí àmì ìyá lára ọmọ.

Bọ́ọ̀dù méjì ni Dazzler, tí wọ́n ń kì bọ inú Altair. Kò ní ìrántí tirẹ̀. Inú ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ti ń ka àwòrán ní tààrà, báìtì 512 tàbí 2048 (báìtì ni ìwọ̀n ìrántí, bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kan), tó sì ń gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì mẹ́rin: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ìkẹrin ló ń sọ bóyá kí àwọ̀ náà tàn yòò tàbí kó ṣe wẹ́lẹ́. Pẹ̀lú báìtì 2048, àwòrán aláwọ̀ tó ní àmì 64 lọ́nà 64 ni yóò yọ. Ó kéré lónìí, ṣùgbọ́n dọ́là 215 lẹni tó bá lè tò ó fúnra rẹ̀ ń rà á.

Li-Chen Wang kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún Dazzler tó ń jẹ́ Kaleidoscope, báìtì 127 péré ni gbogbo rẹ̀. Stan Veit, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Fifth Avenue ní New York, gbé tẹlifíṣọ̀n sójú fèrèsé, ó jẹ́ kí ètò náà máa pa àwọ̀ dà. Àwọn awakọ̀ ń dúró wòran títí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi dé, tí ọlọ́pàá fi ní kí wọ́n pa á.

Àwọn kan á dárúkọ SuperPaint, ẹ̀rọ àwòrán aláwọ̀ tí Richard Shoup ṣe ní Xerox lọ́dún 1973, tàbí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Evans & Sutherland. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n inú yàrá ìwádìí àti ọ́fíìsì olówó ni wọ́n wà. Ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìyókù kò gùn. Cromemco ṣe kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kó lọ sí Mountain View, ó sì fi Super Dazzler rọ́pò Dazzler lọ́dún 1979, èyí tó lè yọ àwọ̀ 4096. Àwòrán yẹn dán tó ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń wá, wọ́n sì ń fi í ya máàpù ojú ọjọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà náà rà á fún ètò iṣẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn. Ní 1987, Dynatech, tó ti ní ẹ̀ka kan tó ń ta ẹ̀rọ àwòrán ojú ọjọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, ra Cromemco.