Ìró igi nínú ilé ìfúnrèké

Iṣẹ́ gígé fíìmù ni mò ń ṣe, ohùn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ mi, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo máa ń ní kó dijú, kó gbọ́ ìran kan nínú White Zombie, fíìmù tí Victor Halperin darí ní 1932. Igi tó ń ha igi ló máa gbọ́. Kìì-ìn, kàà-àn. Kò yára, kò sinmi. Tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, òmíràn á ní ọkọ̀ ojú omi ni, òmíràn á ní ilẹ̀kùn tó ti gbó ni. Ìgbà náà ni mo máa ń ní kó lajú.

Ilé ìfúnrèké ni, ní Haiti, lóru. Àwọn ọkùnrin ru agbọ̀n ìrèké, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lókè, wọ́n ń da ìrèké sínú ọ̀lọ ńlá. Nísàlẹ̀, àwọn mìíràn ń ti ọ̀pá tó ń yí ọ̀lọ náà. Ojú wọn là sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò wo nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ru agbọ̀n fẹsẹ̀ kọ, ó ré sínú ọ̀lọ. Kò ké. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bojú wò ó. Ọ̀lọ ò dúró, ìró igi náà ò sì yí padà.

Ká ní èmi ni wọ́n gbé ìran yìí fún lónìí, ó ṣeé ṣe kí n bà á jẹ́. Mo lè fi ìlù sí i, mo lè fi igbe sí i, mo lè mú kámẹ́rà sún mọ́ ojú ẹni tó ṣubú. Halperin kò ṣe ìkankan. Nígbà náà, fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ kò tíì ju bí ọdún márùn-ún lọ ní ìgboro, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ohùn sí. Òun fi ohùn ṣe ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé ènìyàn kú. Etí wa ń retí pé kí nǹkan kan yí padà. Nígbà tí kò yí padà, ara wa ló ń bù máṣọ.

Àwọn tó ń kọ ìtàn fíìmù gbà pé White Zombie ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó dá lórí sóńbì. Kí ẹ tó wò ó, ẹ gbé àkúdàáyà tiwa kúrò lọ́kàn. Àkúdàáyà a máa lọ sí ìlú mìíràn, a máa tajà, a máa láya, a máa bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá ṣèèṣì rí i. Òun ló ni ara rẹ̀. Sóńbì ti Haiti kò ní ara rẹ̀ mọ́: òkú ni wọ́n jí gbé láti inú sàréè kó lè máa ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀. Kò sí pé ó ń jẹ ẹran ara ènìyàn. Ìyẹn di gbajúmọ̀ lẹ́yìn fíìmù tí George Romero ṣe ní 1968. Ohun tó ń ba ará Haiti lẹ́rù ni pé kí wọ́n sọ òun fúnra rẹ̀ di sóńbì. Àwọn baba ńlá wọn lo ọdún mẹ́tàlá láti 1791 láti fi jà kúrò lóko ẹrú, wọ́n sì gba òmìnira ní 1804. Ẹ̀rù pé ikú pàápàá lè máà dá ènìyàn sílẹ̀ lóko ìrèké, ẹ̀rù ẹni tó mọ oko náà ni.

Ìwé tí William Seabrook, ará Amẹ́ríkà kan, kọ ní 1929 ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn oníṣẹ́ fíìmù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n sọ fún òun nípa àwọn òkú tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ fún Hasco, ilé iṣẹ́ ṣúgà àwọn ará Amẹ́ríkà ní Haiti. Ẹ rántí pé láti 1915 títí di 1934, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi tipátipá kó àwọn ará oko ṣe ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń ya White Zombie, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Sóójà kan ò fojú hàn nínú fíìmù náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Legendre tó ni àwọn sóńbì ń polówó wọn fún Beaumont, olóko ńlá, ó ní wọn kì í ráhùn pé àkókò iṣẹ́ gùn jù. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ tó tún bani lẹ́rù tó ìyẹn nínú fíìmù náà.

Bela Lugosi ló ṣe Legendre, ọdún kan lẹ́yìn tó ṣe Dracula. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá fẹ́ pàṣẹ fún sóńbì, á ki ìka ọwọ́ kan bọ àárín ìka èkejì, á há wọn mọ́ra pinpin. Owó tí wọ́n ní kò tó nǹkan. Ìròyìn ni pé ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi yà á, wọ́n sì yá ilé pátákó tí ilé iṣẹ́ fíìmù Universal ti fi ṣe fíìmù ẹ̀rù tiwọn. Àìlówó yẹn wúlò níbì kan: nílé ọtí, Neil, ọkọ inú ìtàn náà tó gbà pé Madeleine ìyàwó òun ti kú, ń mutí, òjìji àwọn oníjó nìkan la sì ń rí lára ògiri. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọn ì bá fi jẹ́ ká rí i pé ọkùnrin náà dá nìkan wà láàárín èrò.

Ibi tí fíìmù náà ti ń jákulẹ̀ ni ibi tí wọ́n bá ti la ẹnu. Madge Bellamy àti John Harron, tí wọ́n ṣe Madeleine àti Neil, àti ìgbà fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré. Ojú àti apá ló mọ́ wọn lára láti fi ṣe é, nítorí náà bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ṣe ló ń dà bí ẹni tó ń kàwé sókè. Ohun ìyanu kan wà ńbẹ̀: bí Madeleine ti di sóńbì tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, Bellamy dára. Ó jókòó nídìí dùùrù, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣeré, ojú rẹ̀ ṣófo. Ti Dókítà Bruner, oníwàásù tó ń ran Neil lọ́wọ́, tó ń tọrọ ìṣáná kiri ló ń dùn mí jù. Wọ́n fẹ́ ká rẹ́rìn-ín, ẹ̀fẹ̀ náà sì ń jó gbogbo èémí tí a ti há mọ́yà dànù. Òun náà ni wọ́n fi parí fíìmù.

Àléébù kan wà tó ju ti òṣèré lọ. Vodou, ìsìn ìbílẹ̀ àwọn ará Haiti, tí Ogou rẹ̀ bá Ògún wa tan, kò rí ìyì kankan gbà níbẹ̀. Ìlù lóru àti oògùn ibi ni gbogbo rẹ̀. Àánú fíìmù náà sì mọ síbì kan. Nígbà tí òyìnbó obìnrin kan di sóńbì, ayé dàrú: ọkọ rẹ̀ gun òkè lọ, Bruner ṣèwádìí, Beaumont tó bẹ Legendre lọ́wẹ̀ nítorí rẹ̀ kábàámọ̀. Ta ló wá àwọn tó ń yí ọ̀lọ? Ta ni ìyàwó wọn?

Bí ẹ bá máa wò ó, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ fi gbohùngbohùn sétí, kí ẹ lè gbọ́ igi yẹn dáadáa. Nígbà tó bá dé ìparí, Legendre á já láti orí àpáta sínú òkun, Madeleine á sì mọ ọkọ rẹ̀. Ọgá tó ń darí gbogbo wọn ti kú, nítorí náà ó yẹ kí àwọn ará ilé ìfúnrèké náà ta jí, tàbí kí wọ́n sinmi. Mo ti wá a nínú fíìmù náà léraléra. Kámẹ́rà kò padà síbẹ̀.