Irun tí iná ti sè: ohun tó ṣeé ṣe sí i àti ohun tí kò ṣeé ṣe

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí nípa irun tí iná áyọ́ọ̀nù irun tàbí ìyarun gbígbóná bà jẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: "Àǹtí, kí ni mo lè fi sí i?" Wọ́n á ti ra ìpara mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Irun iwájú ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ìpàkọ́ ṣì ń ká bó ṣe yẹ, ṣónṣó orí rẹ̀ sì ń já bí ìyarun bá ti kàn án. Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Kò sí ohun tí ẹ máa fi sí i tí yóò dá a padà. Ẹ má tíì bínú o. Ẹni tó bá mọ ohun tí iná ń ṣe nínú irun kò ní máa fi owó ṣòfò, kò sì ní tún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bà jẹ́.

Irun tí ẹ ń rí lórí kò ní ẹ̀mí. Gbòǹgbò rẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ orí nìkan ló wà láàyè. Bí ẹnì kan bá ta ìpara fún yín pé yóò jí irun yín dìde, ẹ bi í bó ṣe fẹ́ jí ohun tí kò ní ẹ̀mí. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní keratin ló pọ̀ jù nínú irun, òun náà ló wà nínú èékánná wa. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tò lé ara wọn lára fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n bo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú yẹn gan-an sì ni agbára irun wà.

Oríṣi ìsopọ̀ méjì tó di keratin mú pọ̀ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ọ̀kan kò lágbára: omi ń tú u, ooru ń tú u, bí irun bá sì ti gbẹ tàbí tí ooru bá ti kúrò lára rẹ̀, á tún so padà. Ìdí nìyẹn tí irun tí ẹ nà láàárọ̀ fi ń ká jọ bí òjò bá pa yín nírọ̀lẹ́. Èkejì ní imí ọjọ́ nínú, ó sì lágbára. Rílásà ló ń já ìyẹn, òun ló fà á tí irun tí a fi rílásà sí kì í fi ká mọ́ títí a ó fi gé e kúrò.

Bí a bá na irun bó ṣe yẹ, ìsopọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ooru ń tú. Bí ooru bá wá kọjá àlà, pàápàá bó bá ti lé ní dígírì 200 Celsius, keratin fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Purotéènì ni funfun ẹyin náà: bí ẹ bá ti sè é, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe kó tún di olómi. Bí ọ̀rọ̀ irun tí iná ti sè ṣe rí nìyẹn.

Ẹ lè dán tiyín wò nílé. Ẹ fọ irun náà, ẹ má fi nǹkan kan sí i, ẹ wò ó nígbà tó ṣì tutù. Fọ́nrán tó bá ká padà, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tó bá nà gbọọrọ tó kọ̀ tí kò ká, iná ti kọjá lára rẹ̀.

Ohun tó ń fa èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù irun lé irun tí kò tíì gbẹ. Ní dígírì 100 ni omi ń hó, áyọ́ọ̀nù irun mìíràn sì lè gbóná dé 230. Omi tó ṣẹ́kù nínú fọ́nrán yóò hó níbẹ̀, oru rẹ̀ yóò wá ọ̀nà jáde, yóò sì lu inú irun ní ihò wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó, wọ́n ń rí àwọn ihò náà kedere. Ibi tí ihò bá wà ni irun ti ń kán. Bí ẹ bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ gbọ́ "ṣììì" lórí yín, ẹ ní kí wọ́n dúró. Kí wọ́n gbé dírayà, kí irun gbẹ dé ìdí. Dírayà náà kò gbọdọ̀ dúró sójú kan: kó jìnnà sí irun tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ọwọ́ ẹni tó mú un sì máa lọ máa bọ̀.

Nípa ìwọ̀n ooru, irun tó nípọn tí kẹ́míkà kò kàn rí, n kì í kọjá 180 sí i. Irun tí wọ́n pa láró tàbí tí wọ́n fi rílásà sí, 150 tó o. Bí áyọ́ọ̀nù yín bá kọ 450 síwájú, Fahrenheit ló ń kà, ó ti lé ní 230 Celsius nìyẹn, ẹ yáa dín in kù sí 350 tàbí 300. Ẹ̀rọ tí kò ní nọ́ńbà rárá, àfi títàn àti pípa, n kò lè ní kí ẹ rà á.

Iná ìjọba náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí iná bá lọ sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù kì í gbóná dáadáa, onídìrí á wá máa fà á lójú kan náà nígbà márùn-ún, nígbà mẹ́fà. Kí ó tó ṣíwọ́, iná á ti padà sípò, kò sì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó yẹ kí áyọ́ọ̀nù kọjá lára ìpín irun kan, ó pọ̀ jù kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá nà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìpín yẹn ti nípọn jù, ẹ tún un pín.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbé ìyarun onírin ka sítóòfù, kò sí ohun tó ń sọ fún yín bó ṣe gbóná tó. Ẹ fi kan tíṣù funfun kí ẹ tó gbé e sórí. Bí tíṣù bá pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ sí i. Ẹ má sì fi òrí tàbí òróró pa irun kí ẹ tó nà án, ìyẹn ti di dídín. Tí ẹ bá nà án tán ni kí ẹ fi òróró díẹ̀ ra á. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ìpara tí wọ́n dìídì ṣe fún ooru. Bí ẹ bá rí dimethicone lára páálí rẹ̀, irú rẹ̀ nìyẹn. Ó ń jẹ́ kí ooru rọra wọlé ni, kò ní kí iná má jó irun.

Ní ọdún 1968, àwọn dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí àtàrí wọn ń pá. Ìyarun gbígbóná ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n ní òróró gbígbóná ń ṣàn dé awọ orí. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé àwọn tí kò fi ìyarun gbígbóná kan orí náà ń ní in, wọ́n sì ti yí orúkọ àìsàn náà padà. Bí àtàrí yín bá ń yún, tó ń ta, tí irun ibẹ̀ sì ń fẹ́lẹ́, ẹ má jókòó ti onídìrí, ẹ tètè lọ rí dókítà awọ ara. Bí ojú irun bá ti di àpá, irun kì í hù níbẹ̀ mọ́.

Ohun méjì kan wà tí àwa onídìrí ń ṣe tí n kò fẹ́ràn. Bí a bá di irun tán, a ó ṣá láítà, a ó máa fi jó àwọn fọ́nrán tó yọ síta. Irun oníbàárà náà ló pọ̀ nínú ohun tí à ń jó yẹn! Sísọ́ọ̀sì kékeré tó iṣẹ́ náà. Èkejì ni kẹ́míkà ìnarun tí wọ́n ń pè ní keratin treatment. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tú fọ́málínì sílẹ̀ bí áyọ́ọ̀nù bá ti kàn wọ́n, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Ní Brazil, níbi tí irú ìnarun yìí ti gbajúmọ̀, ìjọba fòfin de títa fọ́málínì ní ilé ìtajà òògùn lọ́dún 2009 nítorí rẹ̀. Bí ojú yín bá ń ta, tí ọ̀nà ọ̀fun yín ń dí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ dìde níbẹ̀.

Ó dáa, irun ti bà jẹ́ ná. Gígé ni òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ lọ́jọ́ kan. Irun wa kì í sábà hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà ẹ lè máa gé díẹ̀díẹ̀ ní oṣù méjì méjì bí tuntun ṣe ń jáde. Ẹ ṣọ́ ibi tí tuntun ti pàdé èyí tó bà jẹ́, ibẹ̀ ni irun ti ń kán jù. Ẹ dì í, kí ẹ má máa yà á lójoojúmọ́. Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fi àdí àgbọn pa á kó pẹ́ díẹ̀. Ó ń wọ inú irun lóòótọ́, ó sì ń dín purotéènì tí omi ń fọ̀ lọ kù. Ìtọ́jú tí wọ́n kọ hydrolyzed protein (purotéènì tí wọ́n ti já sí wẹ́wẹ́) sí lára á jẹ́ kí irun le díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe é nígbà gbogbo, torí irun lè gan. Ẹyin tútù tí ẹ ń pò mọ́ máyónéèsì ńkọ́? Purotéènì rẹ̀ tóbi ju ohun tó lè wọ inú fọ́nrán lọ. Ẹni tó bá sì fi omi gbígbóná ṣan án, á máa ṣa ẹyin sísè lórí.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí irun gùn lójú ni, kíni kan wà tí kò gba iná rárá: òwú. Ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n irun, ẹ fi òrí ra á, ẹ pín in, ẹ fi òwú dúdú kó o láti ìdí dé ṣónṣó, ẹ fi sùn. Bẹ́ ẹ bá tú u láàárọ̀, yóò ti nà dáadáa, yóò sì tún ká bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fún ìdí rẹ̀ pọ̀, pàápàá ní iwájú orí, kí ẹ má baà fa irun etí tu.

Òun náà ni kí ẹ ṣe fún ọmọ tó ń lọ síbi ayẹyẹ. Fọ́nrán irun ọmọdé tín-ín-rín ju ti àgbà lọ, awọ orí wọn rọ̀, wọn kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ìyá ọmọ bá gbé e wá pé kí n fi áyọ́ọ̀nù na irun rẹ̀, òwú ni mo máa ń mú jáde.