Bí Wíwo Àwọn Ọ̀gá Gọ́ọ̀fù Ṣe Ń Tún Ọwọ́ Ẹni Ṣe

Lọ́jọ́ tí wọ́n kádìí ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n ń pè ní Masters, ti ọdún 2019, nílẹ̀, Francesco Molinari ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n dé ihò kejìlá ní pápá Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Ó fi ìgbá 2 ṣáájú Tiger Woods, torí pé ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí nínú gọ́ọ̀fù. Ihò yẹn ò jìnnà, yáàdì 155 péré ni, àmọ́ odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rae's Creek ṣàn kọjá níwájú rẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n sì ri àsíá tó ń fi ihò hàn mọ́, níbi tí omi ti ń dúró de bọ́ọ̀lù tó bá kúrú díẹ̀. Bọ́ọ̀lù Molinari já sómi. Ti Tony Finau, tí wọ́n jọ ń gbá a, já sómi. Brooks Koepka àti Ian Poulter tó ṣáájú wọn ti kó tiwọn sómi kan náà. Woods ò tiẹ̀ lé àsíá. Apá òsì ló kọjú sí, ó gbé bọ́ọ̀lù gba orí kòtò iyanrìn lọ sórí gírìnì, ìyẹn koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, ó rọra fi ìgbá méjì tì í wọ ihò. Òun ló wọ kóòtù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba Masters lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀lù nìkan á ní orí ló bá Woods ṣe é. Ẹni tó wo ibi tó kọjú sí kó tó gbá a ti rí ohun tó lè lò ní pápá tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó dára jù láti kọ́ lára àwọn ọ̀gá máa ń ṣẹlẹ̀ kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tó ń fò lọ lójú ọ̀run dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ wo Jack Nicklaus, tó gba ìdíje ńlá 18. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á wo ọ̀nà tó fẹ́ kó gbà, á wá wá ewé gbígbẹ tàbí ojú koríko tó ti hó lórí ọ̀nà yẹn gan-an, tí kò jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Ewé yẹn ló máa kọjú ọ̀pá sí, kì í ṣe àsíá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú tètè máa ń ṣi ohun tó jìnnà wò, àmọ́ ohun tó wà nítòsí ẹsẹ̀ ṣòro láti ṣì wò. Kò gba agbára kankan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, bàbá àgbà náà lè ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n eré ọwọ́. Àsìkò tí ọ̀gá gọ́ọ̀fù fi ń gbé ọ̀pá sókè máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ dé ara bọ́ọ̀lù. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lọ, ojú lásán ò lè bá a. Ọwọ́ ló yẹ kó bá ojú ṣe iṣẹ́ yẹn. Kéèyàn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kó fi ìka lu itan nígbà tí ọ̀pá bá gbéra, kó lù ú nígbà tó bá dé òkè, kó tún lù ú nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Àlàfo àkọ́kọ́ á gùn, èkejì á kúrú. Lẹ́yìn bí ogún ìgbà, ara á ti mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ oníjó ṣe ń mọ ìlù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rí i pé kíkánjú ló ń ba tiwọn jẹ́.

Ohun tí kò yẹ kéèyàn sín jẹ ni àrà ọwọ́ oníkálukú. Ọ̀pá Jim Furyk máa ń yí po lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fi ìgbá 58 parí ihò 18 lọ́dún 2016, tí ẹnikẹ́ni kò gbá iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí ní PGA Tour, ìdíje àwọn ọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà. Hideki Matsuyama, ọmọ Japan tó gba Masters 2021, máa ń dánu dúró díẹ̀ lókè. Ẹsẹ̀ Scottie Scheffler máa ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ara wọn ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ló yẹ ká wá: bí wọ́n ṣe di ọ̀pá mú, bí wọ́n ṣe dúró, bí wọ́n ṣe parí. Scheffler tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé ṣì máa ń fi ọ̀pá tí wọ́n ti gbẹ́ ojú ìka sí lára dánra wò, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù najú yóò jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ń wo àwọn obìnrin LPGA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Dráífà, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù, lọ́wọ́ ọkùnrin PGA máa ń sáré tó nǹkan bíi máìlì 115 ní wákàtí kan, ti obìnrin LPGA tó nǹkan bíi 94, ìyẹn sì sún mọ́ ti ọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣeré. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń rí ọ̀nà jíjìn, ọgbọ́n sì ṣeé kọ́ ju agbára lọ.

Tẹlifíṣọ̀n náà ní bó ṣe ń tan ojú. Àwọn tí ọwọ́ wọn ń dùn lọ́jọ́ yẹn ló máa ń fi hàn, olùwòran á sì rò pé gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń wọlé. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8, ìdajì péré làwọn ọ̀gá PGA ń gbá wọ ihò. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa bínú sí ara rẹ̀ lórí gírìnì. Ìdí nìyí tí lílọ sí pápá fi dáa ju jíjókòó sílé: kéèyàn tẹ̀ lé ẹnì kan láti ibi ìdánrawò títí dé ihò kejìdínlógún, kó rí ìgbà tó ṣì í àti bó ṣe tún ara ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà ló ti ṣe kádì rí. Báàgì ni wọ́n ń rù, ojú wọn sì wà níbi iṣẹ́.

Bí èèyàn bá padà dé pápá tiẹ̀, kó gbé fóònù sẹ́yìn ara rẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ dé, kó dojú kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí fóònù bá yà díẹ̀, irọ́ ni fídíò á pa. Kó fi wé ti ọ̀gá tí wọ́n yà láti ibi kan náà, ohun kan ṣoṣo ni kó sì wò. Bó bá jẹ́ ìparí ló ń wò lọ́sẹ̀ yìí, bí ọ̀gá ṣe máa ń dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ iwájú títí bọ́ọ̀lù á fi balẹ̀, kó má tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ bó ṣe ń di ọ̀pá mú.