Káburétọ̀ ńlá kọ́ ló ń fún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ lágbára

Ẹni tó bá ra píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 tí wọ́n ṣe láàárín 1967 sí 1972 ní Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnnì 350 V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó gbọ́ ìmọ̀ràn kan: yọ káburétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) tó bá a dé, ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n á ní bí 600 CFM (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó lè gba inú rẹ̀ kọjá) bá dáa, 750 á dáa jù ú lọ, bí owó rẹ bá sì ká 850, má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Onítọ̀hún á náwó, á dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á wá di wàhálà. Bó bá tẹ tọ́tù, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ fẹ́ kú kó tó gbéra. Epo tó ń gbé e dé ọ̀nà jíjìn tẹ́lẹ̀ kò ní gbé e débẹ̀ mọ́.

Ohun tó fa àṣìṣe yìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé káburétọ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ àti epo wọnú ẹ́ńjìnnì. Káburétọ̀ kì í ti nǹkan kan. Písítìnì ló ń fa afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ yẹn á gba ọ̀fun káburétọ̀ kọjá, níbi tí àwọn tó ṣe é ti mọ̀ọ́mọ̀ fún un lọ́rùn. Tí ọmọdé bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu hóòsì díẹ̀, omi á yára tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń yára níbi tó fún yẹn. Bó bá ṣe ń yára tó ni agbára tó fi ń ti ohun tó yí i ká ṣe ń dínkù tó. Afẹ́fẹ́ ìta tó wà lórí epo nínú àwo káburétọ̀ wá lágbára jù ú lọ, á ti epo gba inú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tó ń wọn epo, gòkè, epo á sì bọ́ sínú ọ̀fun, á fọ́ kúnná bí ìkùukùu. Eré tí afẹ́fẹ́ ń sá ló ń gbé epo.

Ẹ wá fẹ ọ̀fun yẹn ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè fà lọ. Afẹ́fẹ́ á máa rọra kọjá, epo ò ní gòkè bó ṣe yẹ, díẹ̀ tó bá sì gòkè ò ní kúnná; ṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ara mánífóòdù, ọ̀nà tó ń gbé e lọ sínú sìlíńdà. Awakọ̀ á ní epo ò tó. Lá bá lọ fi jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ sí i, tàbí kó ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì, àṣà tí àwọn mẹkáníìkì nílé náà mọ̀ dáadáa. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, idẹ sì rọ̀. Ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n kí wọ́n tó lu ú, tí wáyà bá ti ha á, kò ní padà sípò mọ́. Láti ìgbà náà, pọ́lọ́ọ̀gì á máa dú, èéfín dúdú á máa jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, á sì máa ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ẹ́ńjìnnì tó ti lo àádọ́ta ọdún láyé lè ti ibẹ̀ gbó.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. CFM ni iye afẹ́fẹ́ tí káburétọ̀ lè gbà kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí a bá fi àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n. Àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì kọ̀ọ̀kan la fi wọn 350 tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì yẹn, nǹkan bíi lítà 5.7. Àpótí ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 12 lọ́nà 12 lọ́nà 12, ìyẹn 1,728. Ẹ́ńjìnnì ní láti yí ẹ̀ẹ̀mejì kí gbogbo sìlíńdà tó fa afẹ́fẹ́ tiwọn tán, nítorí náà 3,456 la máa fi pín. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí 5,000 ní ìṣẹ́jú kan: 350 lọ́nà 5,000, tí a bá fi 3,456 pín in, 506 ló jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn kì í sì í kún tán. Bó bá kún dé ìwọ̀n 85 nínú 100, ó ti gbìyànjú. 430 CFM ló kù. Ìgbà wo tiẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù tó ń kó pákó ń yí 5,000? 600 ti tó o, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹni tó mọ Chevrolet dáadáa á bi mí pé: káburétọ̀ Quadrajet tí ilé iṣẹ́ Rochester ṣe, tó wà lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí láti ilé iṣẹ́, ṣé kì í ṣe 750 ni? 750 ni. Àmọ́ ẹ ṣí i, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀fun iwájú méjèèjì kéré gan-an, wọn ò ju ìǹṣì kan àti díẹ̀ lọ; àwọn yẹn lọkọ̀ fi ń rìn láàárín ìlú. Ọ̀fun ẹ̀yìn méjèèjì ló fẹ̀, ìlẹ̀kùn kan sì wà lórí wọn tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣí, ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì bá bèèrè náà ló sì ń ṣí dé. Káburétọ̀ 750 tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ṣí ọ̀fun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ bára mu. Nọ́ńbà káburétọ̀ ọlọ́fun méjì náà yàtọ̀ sí ti ọlọ́fun mẹ́rin, torí ìfà tó le sí i ni wọ́n fi ń wọn ọlọ́fun méjì. 500 rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 354 lọ tí a bá fi òṣùwọ̀n ọlọ́fun mẹ́rin wọ̀n ọ́n.

Kí ló wá dé táwọn kan fi ń búra pé ọkọ̀ àwọn yàtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi ńlá sí i? Ti àtijọ́ ti dọ̀tí, ọ̀pá tọ́tù rẹ̀ ti jẹ, ó ti ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Tuntun èyíkéyìí ni ì bá tún un ṣe. Ariwo tí ọ̀fun ńlá ń pa náà máa ń dàbí agbára létí.

Kí ẹnikẹ́ni tó de káburétọ̀ tuntun, kó kọ́kọ́ yẹ tímìn-ìn (àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń tanná) àti pọ́lọ́ọ̀gì wò, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan káburétọ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Kó fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu mánífóòdù kó tó ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ (ìtẹ́dìí tó ń dí àlàfo) kúrò, kí ẹyọ kan má baà já sínú. Ihò ẹ̀yìn Quadrajet fẹ̀ ju tiwájú lọ, ti káburétọ̀ Holley 600 àti Edelbrock sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí mánífóòdù ò bá bá a mu, àfi kó wá àwo ìsopọ̀ (adapter) tó yẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á máa jò wọlé lábẹ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa de wọ́n, láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹni tó fi gbogbo agbára de ẹyọ kan á tẹ ìdí káburétọ̀ wọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹnì kejì fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun bóyá ó ṣí tán, kó sì wò ó bóyá sípíríǹgì fà á padà fúnra rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kiri torí ọkọ̀ ò fà, tó sì jẹ́ pé tọ́tù ò tíì ṣí kọjá ìlàjì. Kí wọ́n yẹ ojú ibi tí wọ́n ti de hóòsì epo wò dáadáa kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Epo tó bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni.

Nínú ìtọ́jú, epo ọjọ́ òní ló yẹ ká ṣọ́ jù. Epo tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ní ethanol, irú ọtí kan, tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ethanol ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà hóòsì àtijọ́. Rọ́bà tó bá jẹ ló ń lọ dí jẹ́ẹ̀tì. Hóòsì tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ máa pààrọ̀ fíltà, kí ẹ má sì fi epo sílẹ̀ nínú àwo káburétọ̀ tọ́kọ̀ náà bá máa pẹ́ níkàlẹ̀.

Tí Quadrajet tó bá ọkọ̀ dé bá ṣì wà, tí ọ̀pá tọ́tù rẹ̀ ò mì jù, èmi á tún un ṣe ṣáájú kí n tó ra òmíì. Tó bá ń ṣòro láti tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tí àwo epo sì gbẹ, ẹ wo àwọn ìdérí kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ àwo náà. Wọ́n máa ń jò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi gọ́ọ̀mù tí epo ò lè tú dí wọn.